Pankẹ́rẹ́ Lọ́wọ́ Akẹ́kọ̀ọ́: Bí A Ti Ń Yan Ọ̀pá Arnis àti Bí A Ti Ń Tọ́jú Rẹ̀

Bí a bá dárúkọ pankẹ́rẹ́ láàrin wa lónìí, ẹ̀rín ni yóò pa ọ̀pọ̀lọpọ̀, nítorí pé ọwọ́ olùkọ́ ni a ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè kan wà ní ìhà ìlà-oòrùn ayé tí pankẹ́rẹ́ ti jẹ́ ohun èlò tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ń mú dání, tí ó sì fi ń kọ́ bí a ti ń dáàbò bo ara ẹni. Orílẹ̀-èdè náà ni Filipínì. Arnis ni wọ́n ń pe eré náà. Àwọn mìíràn ń pè é ní eskrima tàbí kali.

Ìdí tí mo fi gbé kálàmù lórí ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé àjọ̀dún ilé ẹ̀kọ́ wa kò jìnnà. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa àti ọmọ-ọmọ wa ni ó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ará Filipínì ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní eré yìí. Èmi pàápàá kọ́ ọ lọ́wọ́ àgbàlagbà kan tí í ṣe ará Filipínì nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́ ní ìlú London, mo sì ti ń fi í ṣe ìdárayá láti ìgbà náà wá. Nígbà tí àwọn òbí kan gbọ́ èyí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè pé: ọ̀pá wo ni kí a rà fún ọmọ? Kí ló dé tí èyí tí a rà ní oṣù tí ó kọjá fi ti ya? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti owó nìkan. Ọ̀pá tí ó bá ṣẹ́ lójijì láàrin eré lè fò bá ojú ọmọ. Àwọn baba wa sì ti kìlọ̀ pé kí igi gogoro má baà gún ni lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Wíwò láti òkèèrè yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ ṣe.

Ìyà tí Ọ̀pá Ń Jẹ

Àwọn ará Spéìn jẹ gàba lé Filipínì lórí fún ohun tí ó lé ní 300 ọdún, láti èdè wọn sì ni méjì nínú orúkọ mẹ́ta yẹn ti wá. Eskrima wá láti inú ọ̀rọ̀ wọn fún eré idà; arnis wá láti inú ọ̀rọ̀ wọn fún ìhámọ́ra ogun. Nínú eré náà, ọ̀pá ni ó máa ń dúró fún idà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2009, Ààrẹ Gloria Macapagal-Arroyo fọwọ́ sí òfin tí wọ́n ń pè ní Republic Act 9850. Òfin yìí ni ó sọ arnis di eré ìjà àti eré ìdárayá àjùmọ̀ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, tí ó sì mú un wọ inú ẹ̀kọ́ ìdárayá ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọn.

Kí ó tó di ohun tí a lè gbé fún ọmọ ilé ìwé, ìyípadà pàtàkì kan ti kọ́kọ́ wáyé. Láyé àtijọ́, ọwọ́ ẹni tí ó di ọ̀pá mú ni ọ̀gá ń kọ́ni láti lù, nítorí pé ọ̀tá tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti fọ́ kò lè mú ohun ìjà mọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń sá fún eré náà. Remy Presas, ẹni tí a bí ní erékùṣù Negros ní ọdún 1936, wà lára àwọn tí ó yí èyí padà. Nínú ẹ̀kọ́ tí ó pè ní Modern Arnis, ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé nígbà ìdánrawò, kí ọ̀pá máa pàdé ọ̀pá, kí ó má ṣe pàdé ọwọ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀pá ti ń jẹ ìyà tí ìbá jẹ́ ti ọwọ́. Ọ̀pá kan lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlù láàrin wákàtí kan. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wá ọ̀pá tí ó lálòpẹ́, ààbò ọmọ ni ó ń wá.

Irú Ohun tí Pankẹ́rẹ́ Jẹ́

Bí a tilẹ̀ ń pè é ní igi, ẹbí ọ̀pẹ ni pankẹ́rẹ́. Ó ń gun igi mìíràn bí ìtàkùn, ó sì ń fi ẹ̀gún ara rẹ̀ gbá àwọn ẹ̀ka mú títí yóò fi dé ibi tí oòrùn wà. Irú rẹ̀ tí ó wà láyé lé ní 500. Gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà ni ó ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó wà nínú igbó àti irà ilẹ̀ tiwa pẹ̀lú, òun ni àwọn oníṣẹ́ ọnà wa sì fi ń ṣe apẹ̀rẹ̀ àti àga. Àwọn Tagalog ní Filipínì ń pè é ní yantok. Àwọn ará Cebu ń pè é ní uway.

Ẹni tí kò bá wò ó dáadáa lè pè é ní ọparun, nítorí pé àwọn méjèèjì ní oríkèé. Ṣùgbọ́n inú ọparun ṣófo, nígbà tí pankẹ́rẹ́ kún dénú. Bí a bá gé e lágbede méjì, a óò rí i pé fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó kún inú rẹ̀, tí wọ́n nà láti ìdí dé orí. Wọ́n fún pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ èèpo, wọ́n sì fọ́nká díẹ̀ ní àárín. Ìṣẹ̀dá yìí ni àṣírí agbára rẹ̀. Nígbà tí a bá fi ọ̀pá lu ọ̀pá, fọ́nrán díẹ̀ ni yóò já ní ojú ibi tí wọ́n ti pàdé, àwọn yòókù yóò sì di ara wọn mú. Bí a ti ń lù ú sí i, ibẹ̀ yóò máa rún bí orí orín tí a ń rún lówùúrọ̀. Yóò tú, yóò rọ̀, yóò máa gbọn ìyẹ̀fun sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní tètè dá sí méjì.

Ẹ jẹ́ kí a fi wé igi líle méjì tí àwọn ará Filipínì tún ń lò. Èkíní ni kamagong, igi dúdú tí ó wúwo, tí ó jẹ́ ẹbí ẹ́bónì, tí òfin ilẹ̀ wọn sì ń dáàbò bò. Èkejì ni bahi, tí wọ́n ń gbẹ́ láti ara ọ̀pẹ mìíràn. Àwọn méjèèjì dára fún ẹni tí ń dá nìkan ṣe ìdánrawò láìlu nǹkan. Ṣùgbọ́n bí kamagong bá pàdé kamagong pẹ̀lú agbára, èérún rẹ̀ lè ta jáde bí òkò. Bahi sì lè là sí ẹ̀rún gígùn tí ó mú bí abẹ́rẹ́. Igi líle a máa kú lójijì. Pankẹ́rẹ́ a máa kú díẹ̀díẹ̀, a sì máa sọ fún olówó rẹ̀ kí ó tó kú. Ẹni tí ó bá ń ra ọ̀pá fún ọmọ, kí ó má ṣe wá èyí tí ó le jù; èyí tí ó ń kìlọ̀ ni kí ó wá.

Bí Wọ́n Ti Ń Ṣe É

Kí pankẹ́rẹ́ tó di ọ̀pá, ó ti rí wàhálà. Àwọn tí ń gé e yóò wọ́ ọ bọ́ láti orí igi tí ó gùn, wọn yóò sì bọ́ èèpo ẹlẹ́gùn-ún kúrò lára rẹ̀. Omi pọ̀ nínú rẹ̀ nígbà náà, ìtàṣì sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò bu, àwọ̀ rẹ̀ yóò di aláwọ̀ búlúù tàbí dúdú, àwọn kòkòrò tí ń lu igi yóò sì wá jẹ ìtàṣì náà. Nítorí èyí ni àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ fi máa ń sè é nínú epo gbígbóná, tí ó sábà máa ń jẹ́ epo dísẹ́ẹ̀lì tí a lú mọ́ òróró àgbọn tàbí epo ọ̀pẹ. Epo náà á lé omi àti oje rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn èyí, wọn á nù ún, wọn á sì nà án ró sínú oòrùn kí ó gbẹ. Àwọn kan tún ń fi èéfín imí-ọjọ́ kùn ún kí ó lè funfun.

Níwọ̀n ìgbà tí ìtàkùn kì í dàgbà tààrà, wọ́n ní láti nà án. Wọn á fi iná yá ibi tí ó wọ́, wọn á tẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó tí a dá lẹ́nu, wọn á sì dì í mú títí yóò fi tutù. Lẹ́yìn náà ni wọn á gé e ní ìwọ̀n, tí wọn á fi èèpo sílẹ̀ tàbí kí wọ́n họ ọ́, tí àwọn mìíràn á sì fi iná ya àwòrán sí i lára.

Bí A Ti Ń Yàn Án

Ìwọ̀n ni a kọ́kọ́ ń wò. Ọ̀pá àgbàlagbà sábà máa ń gùn tó 28 ínṣì, èyí tí í ṣe nǹkan bí 71 sẹ̀ǹtímítà, ó sì máa ń nípọn tó 1 ínṣì. Fún ọmọdé, ẹ wọn ọ̀n láti abíyá rẹ̀ dé orí ìka rẹ̀, kí ẹ sì mú èyí tí kò nípọn ju bí ìka rẹ̀ ti lè ká a lọ. Ọ̀pá tí ó bá tóbi ju ọwọ́ lọ a máa bọ́, èyí tí ó bá sì bọ́ ni í ba ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn ìwọ̀n, ẹ gbé e sókè bí ẹni ń fojú wọn ìbọn, kí ẹ wo bóyá ó tọ́. Ẹ yí i lórí tábìlì: èyí tí ó bá ń fò sókè-sódò ti wọ́. Kí ó wọ́ díẹ̀ kò burú, nítorí pé iná lè nà án. Ṣùgbọ́n ìlà ẹ̀là tí ó ti oríkèé kan dé òmíràn kò ní ìwòsàn. Bí ẹ bá rí ihò wẹ́wẹ́ bí ojú abẹ́rẹ́ tí ìyẹ̀fun ń dà láti inú rẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tí ń tà á. Kòkòrò ti gba inú rẹ̀, ó sì lè ràn dé ara àga yín nílé.

Ẹ wo oríkèé. Fọ́nrán fún pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà ó dára kí oríkèé kan súnmọ́ orí tí a fi ń lù, kí ó lè dì í mú kí ó má baà tètè tú. Ẹ tún wo ojú ibi tí a gé: ibẹ̀ ni ẹ ti lè rí bí fọ́nrán ṣe fún pọ̀ tó. Bí ó bá fẹ́lẹ́ bí kànrìnkàn, apá òkè ìtàkùn ni wọ́n ti gé e. Apá ìdí ni ó máa ń le.

Ìdánwò tí mo fẹ́ràn jù ni ti etí. Ẹ fi ìka méjì di orí ọ̀pá mú lọ́nà pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ìdí rẹ̀ kan ilẹ̀ símẹ́ǹtì. Èyí tí ó gbẹ, tí kò sì ní ẹ̀là, yóò dún kọ́. Èyí tí omi wà nínú rẹ̀ tàbí tí ó ti là nínú yóò dún gbì. Ẹni tí ó ti gbọ́ ohùn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan kò ní ṣì wọ́n mú mọ́.

Bí ó bá jẹ́ méjì ni ẹ ń rà, kí wọ́n bá ara wọn mu. Ìdánrawò ọlọ́pàá méjì tí wọ́n ń pè ní sinawali gba orúkọ rẹ̀ láti ara sawali, ìyẹn ọparun tí wọ́n hun bí ẹní láti fi ṣe ògiri ilé. Bí òwú méjì tí a fi ń hun aṣọ kò bá dọ́gba, aṣọ náà yóò wọ́. Ẹ gbé àwọn ọ̀pá náà lé ìwọ̀n ilé ìdáná: ọ̀pá àgbàlagbà tí ó gbẹ sábà máa ń wà láàrin 170 sí 250 gíráàmù. Ẹ mú méjì tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra.

Bí A Ti Ń Tọ́jú Rẹ̀ Nílé

Ìṣẹ́ àkọ́kọ́ ni sùúrù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ọ̀pá tuntun bá tutù lọ́wọ́, tí ó sì wúwo ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja ní ibòòji tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí ẹ máa yí i padà, kí ẹ sì máa wọn ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá dín mọ́ ni ó gbẹ. Ẹ má ṣe gbé e sínú ààrò láti yá a gbẹ. Ìta yóò gbẹ ṣáájú inú, yóò sì là.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ èèpo. Èèpo pankẹ́rẹ́ le, ó sì ń dán bíi dígí. Ọ̀pá tí èèpo rẹ̀ wà lára rẹ̀ a máa pẹ́ kí ó tó rún, ṣùgbọ́n nígbà tí èèpo náà bá ń ṣí, ẹ̀rún rẹ̀ mú, a sì máa gún ọwọ́. Fún ọmọdé, mo gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ họ ọ́ kúrò, kí ẹ fi sáńpépà dán an, kí ẹ sì ká etí ìdí àti orí rẹ̀ kí ó rí roboto. Etí mímú ni fọ́nrán ti kọ́kọ́ ń ṣí.

Iná wúlò bí a bá fi ọgbọ́n lò ó. Àgbàlagbà ni kí ó ṣe é, ní ìta gbangba. Kí ó máa yí ọ̀pá náà lórí ọwọ́ iná láìdúró lójú kan, títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi pọ́n bí ẹ̀pà yíyan. Èyí á lé ìwọ̀nba omi tí ó kù ní ìta, á sì mú kí ojú rẹ̀ le. Bí ó bá di dúdú bí èédú, a ti ṣe é jù: fọ́nrán tí ó ti jóná kò ní agbára mọ́.

Nígbà tí ó bá tutù, ẹ fi aṣọ pa òróró linseed sí i lára ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ nu èyí tí kò bá wọlé kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ fún ìdí àti orí ní púpọ̀ díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ó ti ń mu omi jù. Òróró yìí kì í jẹ́ kí ọ̀pá gbẹ jù, èyí tí í mú kí ó ṣẹ́ wẹ́wẹ́. Ẹ má ṣe fi epo pupa tàbí òróró ẹ̀pà rọ́pò rẹ̀. Òróró linseed a máa gbẹ lára igi. Òróró oúnjẹ kì í gbẹ, yóò máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, yóò sì máa rùn.

Ìkìlọ̀ kan wà níhìn-ín tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbójú fò. Aṣọ tí a fi pa òróró linseed lè gbiná fúnra rẹ̀ bí a bá ká a jọ sí igun ilé, nítorí pé bí òróró náà ti ń gbẹ ni ó ń mú ooru wá. Ẹ tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀ ní ìta títí yóò fi gbẹ gan-an, tàbí kí ẹ rì í sínú omi.

Ní ìparí, ẹ lè fi téèpù aláṣọ wé ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀pá náà, ní apá tí a fi ń lù. Téèpù kì í sọ ọ̀pá di alágbára. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba ẹ̀rún dúró kí ó má baà fò. Ẹ máa tú u lóṣooṣù láti wo ohun tí ń bẹ lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé ohun tí a bò ni a kì í rí ìkìlọ̀ rẹ̀.

Ìlò àti Ìgbà tí Ó Yẹ Kí A Jù Ú Nù

Kí ọmọ máa yí ọ̀pá rẹ̀ padà, kí ìdí di orí ní ọ̀sẹ̀ kan, kí orí sì di ìdí ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí ìyà náà lè kárí. Kò gbọdọ̀ fi í lu irin tàbí ògiri, kò sì gbọdọ̀ fi í pàdé ọ̀pá kamagong, nítorí pé èyí tí ó rọ̀ ni yóò san gbèsè. Bí ó bá gbọ́ òórùn bí ti ohun tí ń jóná nígbà tí ọ̀pá méjì bá ń pàdé gidigidi, kí ó má bẹ̀rù. Ooru ìlù náà ni. Kí ó tọ́jú rẹ̀ gbalaja nínú ilé, kì í ṣe nínú búùtù ọkọ̀ tí oòrùn ń yan.

Nígbà tí ọ̀pá bá ń lọ sí òpin rẹ̀, yóò sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ yóò kúrò ní kọ́, yóò di gbì. Àtàǹpàkò yóò rì sí ibi tí ó ti rún. Yóò máa tẹ̀ níbi tí kì í ti í tẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìlà ẹ̀là yóò hàn láti oríkèé dé oríkèé. Bí ẹyọ kan nínú ìwọ̀nyí bá ti hàn, kí a dá a dúró ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó di òpó tòmátì ní ẹ̀yìnkùlé. Owó ọ̀pá tuntun kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọmọ kan.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀pá dáradára kò gba ipò awò ìdáàbòbò ojú àti ìbọ̀wọ́. Ẹ rà wọ́n pọ̀ mọ́ ọn. Kí ẹ sì rí i pé ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó ń wọn ọ̀pá rẹ̀, tí ó ń pa òróró sí i, tí ó sì ń tẹ́tí sí ohùn rẹ̀ kí ó tó lọ bá ẹnìkejì rẹ̀. Ẹnìkejì náà ni ọ̀pá náà ń súnmọ́ jù, nítorí rẹ̀ ni a sì fi ń tọ́jú rẹ̀. Ọmọ tí ó bá mọ èyí ti kọ́ ohun tí ó ju eré lọ.